Ìyàwó Orí Kọ́fà

Ibi tí Hidayat ti kọ́kọ́ rí Jeffrey kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń rí ọkọ. Ìdí tábìlì Kàmọ́rù ni, ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kẹ́tú. Ẹ̀yin náà mọ irú ibẹ̀. Èèyàn á pé jọ, wọ́n á ka àkọlé gbogbo ìwé tán, wọ́n á jiyàn lórí bọ́ọ̀lù títí ọ̀fun á fi gbẹ, wọ́n á sì bá tiwọn lọ láì ra nǹkan kan.

Ọjọ́ náà, Hidayat ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń kọ́ni ní Ìkòsí. Ó mú magasíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo iwájú rẹ̀, ló bá dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Ọkùnrin kan tó ti fara ti òpó láti ìgbà yẹn sún mọ́ ọn.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ọkùnrin náà wí. "Kí ló dé tí ẹ fi dojú ẹ̀ dé?"

Hidayat wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ mọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín ni?"

"Èmi ni mo ṣe kọ́fà ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti jáde ni mo máa ń wá dúró síbí, kí n lè rí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ máa lọ síbẹ̀. Ọwọ́ yín lọ síbẹ̀, inú mi dùn. Ẹ wá dojú ẹ̀ dé."

Àánú rẹ̀ ṣe Hidayat, ṣùgbọ́n tíṣà ni, tíṣà kì í fi máàkì ṣàánú. Ó ṣí ìwé náà padà. Èèyàn márùn-ún ló wà níwájú rẹ̀, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ pupa, ọ̀rọ̀ búlúù, ọ̀rọ̀ yẹ́lò, gbogbo ẹ̀ bò wọ́n bí eṣinṣin ṣe ń bo máńgòrò.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Tí ẹ bá wọlé onílé, tí ẹ bá èèyàn rẹpẹtẹ níbẹ̀, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta lẹ máa kọ́kọ́ kí? Mo wo ìwé yín, mi ò mọ ẹni tí mo máa kí. Ni mo bá fẹ́ máa bá tèmi lọ."

Ọkùnrin náà gbé ìwé náà sókè, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé òun kọ́ ló ṣe é. "Láti ọjọ́ yìí," ó wí jẹ́jẹ́, "mo ti ń kó èèyàn há ara wọn mọ́ ibí yìí." Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ran Hidayat. Kàmọ́rù ní kí àwọn méjèèjì ra ìwé tàbí kí wọ́n kúrò níwájú ọjà òun.

Jeffrey fowó ara rẹ̀ ra ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, ó sì fi ta Hidayat lọ́rẹ. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Magodo ni Jeffrey ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, nínú ẹ́sítéètì tí ọlọ́dẹ ti máa bi ọ́ léèrè bàbá tó bí bàbá ẹ kó tó ṣí géètì. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, ìyá rẹ̀ ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Hidayat ní tiẹ̀ ń gbé Kẹ́tú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Alhaja Súmbọ̀, tó ń ta tòmátò ní Mile 12. Bàbá Hidayat ti kú tipẹ́. Ní ìsọ̀ tòmátò, tí Alhaja Súmbọ̀ bá ti ní ọ̀rọ̀ parí, ó parí nìyẹn. Àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù bọ̀ láti Òkè Ọya pàápàá ń sá fún ẹnu rẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Jeffrey yọ gbogbo èrò kúrò lórí kọ́fà. Ó fi ẹyọ ojú kan ṣoṣo sílẹ̀, ojú ìyá àgbà kan tó ń wo ẹni tó fẹ́ ra ìwé gan-an. Ó fi àyè sílẹ̀ yí orí ìyá náà ká kó lè mí. Kó tó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Hidayat lórí WhatsApp, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ta lo kọ́kọ́ kí?

"Ìyá àgbà," ni Hidayat dá a lóhùn. "Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ ti pọ̀ jù nísàlẹ̀. O ti sọ gbogbo ìtàn wọn tán níta. Kí ni mo tún fẹ́ wọlé wá gbọ́?"

Jeffrey gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Ìwé oṣù yẹn tà ju gbogbo èyí tó ti ń ṣe láti ẹ̀yìn wá. Láti ìgbà náà, kọ́fà kan ò tún jáde tí Hidayat ò kọ́kọ́ rí. Wọ́n á jókòó sídìí oníbúrẹ́dì kan ní Ìkòsí, wọ́n á máa jiyàn bóyá kí ojú èèyàn wo ọwọ́ òsì tàbí kó wo òǹkàwé. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn yẹn ni ìfẹ́ ti wọlé, kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Tó bá di àárọ̀, fóònù Hidayat á dún.

"Ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí lónìí, olólùfẹ́ mi. Mi ò tíì kí Mummy mi pàápàá."

"Ìyẹn ò dáa. Lọ kí Mummy ẹ."

"Mo ń lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí."

Inú Hidayat á dùn, ẹ̀rù á sì tún máa bà á. Kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀. Alhaja Rasheedat tó ń ta àlùbọ́sà, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ láti kékeré, ní ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akóredé. Àwọn ìyá méjèèjì ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé kí àwọn ọmọ wọn fẹ́ra. Hidayat ò fẹ́ Akóredé, Akóredé náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló bi wọ́n?

Ìgbà tó yá, Ọ̀dẹ̀dẹ̀ fẹ́ gbé ìwé ìgbéyàwó jáde. Ọ̀gá Felix, ẹni tó ni magasíìnì náà, ti háyà aṣọ òkè, ó ti pe ẹni tó máa ya fọ́tò, ó ti pe ẹni tó máa wé gèlè. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti bá sọ ọ́ pé kó wá ṣe ìyàwó nìkan ni kò yọjú. Wọ́n pè é títí, fóònù rẹ̀ ti kú. Ọ̀gá Felix ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń nu òógùn.

Jeffrey pe Hidayat. "Ìfẹ́ mi, jọ̀ọ́, gbà mí. Wákàtí kan péré."

Hidayat ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí èèyàn fẹ́ràn ló ní kó gba òun, kí ló tún fẹ́ rò? Ó ti ilé ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀ tààrà. Wọ́n wọṣọ fún un, wọ́n wé gèlè fún un, wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mọ̀nà, ojú tì í, ó ń wo ilẹ̀.

Jeffrey lọ dúró sẹ́yìn ayàfọ́tò. "Má wo kámẹ́rà," ó ní. "Èmi ni kó o wò."

Hidayat gbójú sókè, ó wò ó. Ohun tó wà nínú ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó lè fi owó háyà rẹ̀. Òun ni wọ́n yà.

Kọ́fà náà dára, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Hidayat nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí òdòdó, kò sí ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Jeffrey kọ sábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ KÍ ÌYÀWÓ.

Ará Kẹ́tú àti Mile 12 sì gbọ́ràn. Wọ́n kí ìyàwó.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù ní, "Ìyàwó, ẹ kú oríire." Ẹni tó ń lọ ata ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Nígbà tí Hidayat fi máa dé ìsọ̀ ìyá rẹ̀, kọ́fà náà ti wà lára òpó ìsọ̀ bíi mélòó kan, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ọn. Ìyá kan gbé abọ́ tuntun wá. Òmíràn gbé páànù wá. Alhaja Súmbọ̀ jókòó sáàárín wọn, ó ń wo ilẹ̀.

Alhaja Rasheedat ló wá la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Kò pariwo rárá, ohun tó dunni níbẹ̀ nìyẹn.

"Súmbọ̀," ó ní, "èmi àti ẹ jọ jẹun nínú abọ́ kan. O fi ọmọ fọ́kọ, orí tábìlì Kàmọ́rù ni mo ti gbọ́. Tí o ò bá fẹ́ Akóredé mi, ṣé ẹnu ń dùn ẹ́ láti wí ni?"

"Rasheedat, mi ò fi ọmọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ìwé wá ń purọ́ mọ́ ẹ." Alhaja Rasheedat ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó padà sídìí àlùbọ́sà rẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn.

Nílé lọ́jọ́ náà, Alhaja Súmbọ̀ gbé kọ́fà náà ka iwájú ọmọ rẹ̀. "Ta ni ọkọ ẹ?"

"Màámi, mi ò lọ́kọ. Wọ́n kàn ní kí n bá wọn ya fọ́tò ni."

"Wọ́n kàn." Ìyá rẹ̀ mi orí. "Bó o ṣe ń wo ẹni tó ń yà ẹ́ báyìí, ó kàn ń yà ẹ́ ni? Hidayat, èmi ni mo bí ẹ. Ta ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà yẹn?"

Hidayat bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dárúkọ Jeffrey, tó dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ kàn dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Hidayat wọ yàrá, ó pe Jeffrey. Ohùn tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ohùn tó máa ní kó má sunkún mọ́. Ṣùgbọ́n kó tó lanu, Jeffrey ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Hida mi, ó ti tán! Gbogbo ẹ̀ ló tà. A tún ń tẹ òmíì. Ọ̀gá Felix ní ìwọ náà la máa lò lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní wọ́n á bá wa yá ọmọ jòjòló kan, kó o gbé e dání."

Ọ̀rọ̀ náà rẹ Hidayat láti inú wá. "Jeffrey, ṣé èmi lo fẹ́ ni, àbí ojú mi?"

"Kí lo ń sọ?"

"O ti fi mí ṣe ìyàwó. O tún fẹ́ fi mí ṣe ìyá ọmọ. O ò sì tíì bi mí rí, lọ́jọ́ kan, bóyá mo máa fẹ́ ẹ." Ó pa fóònù. Tí Jeffrey bá ń pè é láàárọ̀, kò gbé e mọ́. Ọ̀sẹ̀ náà gùn fún un ju bó ṣe yẹ lọ.

Jeffrey gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu Kàmọ́rù. Ló bá gbéra, ó lọ sí Mile 12 lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí Hidayat wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀, ẹni tí kò wá ọjà rí ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ tòmátò. Gbogbo ìsọ̀ yíjú wò ó.

"Dìde," ni Alhaja Súmbọ̀ wí. "Aṣọ yẹn ò ní mọ́ mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ forí jì mí. Àṣìṣe ni. Ọ̀gá mi ti ní ká kọ ọ́ sínú ìwé oṣù tó ń bọ̀, lápá ẹ̀yìn, pé kì í ṣe ìyàwó gidi."

Alhaja Súmbọ̀ fa apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan sọ́dọ̀. Èyí tó wà lókè pọ́n, ó ń dán. "Kí lo rí?"

"Tòmátò tó dáa, Mà."

Ìyá náà gbé apẹ̀rẹ̀ náà, ó dà á sílẹ̀ sórí àpò. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí èyí tó rà. Gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ á to èyí tó dáa sójú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi bo èyí tó ti ń ṣomi. Alhaja Súmbọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni oníbàárà ṣe ń ti Ìbàdàn wá bá a.

"Ohun tí mo bá gbé sókè, òun náà ló wà nísàlẹ̀," ó ní. "Ìwọ gbé ìyàwó sókè. Kí ló wà nísàlẹ̀?"

Hidayat mú ojú kúrò lára tòmátò. Òun gan-an fẹ́ gbọ́.

"Mo fẹ́ràn ẹ̀, Mà," ni Jeffrey wí.

"Ṣé ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn? Ta ni kò ní fẹ́ràn ẹ̀? Ṣé o ti tọrọ ẹ̀?"

"Rárá, Mà."

"Lọ́wọ́ ta lo wá ti gbàyè, tó o fi fi í ṣe ìyàwó fún gbogbo Èkó?"

Jeffrey sorí kọ́. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Gbangba lẹ ti parọ́, ẹ ò ní lọ tún un ṣe ní kọ̀rọ̀. Iwájú ìwé lẹ gbé e sí, iwájú ìwé náà lẹ máa ti tún un ṣe, kí Rasheedat lè rí i, kí ẹni tó gbé páànù wá fún mi náà lè rí i. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ ẹ nítòsí ọmọ mi mọ́ láyé."

Hidayat mọ ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí. Magasíìnì wo ló máa gbé àforíjì síwájú? Ó wo ẹ̀yìn Jeffrey bó ṣe ń lọ láàárín àwọn alábàárù, ẹrẹ̀ ti kun aṣọ funfun rẹ̀ láti àyà dé orúnkún, ó sì dá a lójú pé òun ti pàdánù rẹ̀. Ó wá mọ̀ ní wákàtí yẹn pé òun fẹ́ràn ọkùnrin náà débi tí kò ṣeé fi pamọ́ mọ́.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe ń jáde nílé ẹ̀kọ́, Jeffrey dúró lẹ́nu géètì. Ó ká bébà ńlá kan sábẹ́ apá.

"Mi ò wá yọ ẹ́ lẹ́nu," ó ní. "Kó o wo nǹkan kan ni. Tó bá burú, mo máa lọ."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi fúrúùtù. Jeffrey ò tíì ṣí bébà náà. Ó kọ́kọ́ sọ bí Ọ̀gá Felix ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde.

"Ó ní ta ló máa ra ìwé tó ń tọrọ àforíjì. Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹni tó bá ṣẹ èèyàn, lọ́jọ́ tó bá tún pàdé ẹ̀, kí ló máa kọ́kọ́ sọ? Ṣé kò ní bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ nǹkan míì?' Ó wá ní kí n ṣe é. Ó ní tó bá fi kùtà, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́."

"Jeffrey. Iṣẹ́ ẹ."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo ti sọ fún Mummy mi náà. Fọ́tò ẹ ti wà lórí tábìlì wọn ní pálọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi han àwọn akọrin, wọ́n ní, 'Ẹ wo ọmọ tó lẹ́wà.' Nígbà tí mo sọ ọmọ ẹni tó o jẹ́, wọ́n dojú ẹ̀ dé."

"Wọ́n wá ní kí ni?"

"Wọ́n ní mo fẹ́ kó ìtìjú bá àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Daddy mi ló rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Edith, ìyá tó bí ẹ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe Sẹ̀kínát ni wọ́n ń pè wọ́n ní Ìkòsí kí wọ́n tó di Susannah?' Láti ọjọ́ yẹn, Mummy ò tíì fèsì."

Ó wá ṣí bébà náà. Funfun ni, funfun láì sí àwòrán kankan. Ọ̀rọ̀ dúdú ló wà láàárín rẹ̀: ÌYÀWÓ TÍ Ẹ KÍ LÓṢÙ TÓ KỌJÁ KÒ TÍÌ LỌ́KỌ. Ẹ FORÍ JÌ WÁ. Àyè òfìfo wà nísàlẹ̀.

"Ojú mi dà?" ni Hidayat béèrè.

"Ojú ẹ kì í ṣe tèmi. Mo gbé e síta lẹ́ẹ̀kan láì tọrọ. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Jeffrey ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "O bi mí bóyá ìwọ ni mo fẹ́ àbí ojú ẹ. Mo rò ó dáadáa. Ọjọ́ tó o dojú ìwé mi dé ni mo ti fẹ́ràn ẹ, Hidayat. Lọ́jọ́ yẹn, ìtìjú ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbójú sókè wo ojú ẹ. Ohùn ẹ ni mo gbé lọ sílé."

Omi bọ́ lójú Hidayat, kò nù ún.

"Mo ń tọrọ ẹ báyìí," ni Jeffrey wí. "Kì í ṣe fún kọ́fà. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo máa fẹ́ ẹ," ni Hidayat dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹnu mi nìkan ò tó. Àyè tó wà nísàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Màmá ẹ ni mo fi sílẹ̀ fún. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí ayé gbọ́ ni ká kọ síbẹ̀."

Hidayat gbé bébà náà lọ sílé. Ìyá rẹ̀ kà á, ó tún un kà, ó na ọwọ́ rẹ̀ jìnnà kó lè rí i dáadáa.

"Ó máa gbé e síwájú lóòótọ́?"

"Ó máa gbé e síwájú, Màámi. Iṣẹ́ ẹ̀ lè bọ́ nítorí ẹ̀."

"Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

Alhaja Súmbọ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí. Ìwọ nìkan ni mo ní. Ṣé wọ́n máa jẹ́ kó o kírun ní Magodo?"

"Ó ní kí kálukú máa ṣe tiẹ̀. Ó ní òun á máa dúró dè mí tí mo bá ń kírun."

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́." Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ gbá ibi òfìfo tó wà nísàlẹ̀ bébà náà bí ẹni ń gbá eruku. "Ààfáà máa bínú. Rasheedat ti bínú. Gbogbo èèyàn ló ti bínú tán, kí ni mo tún ń bẹ̀rù? Fún mi ní nọ́ńbà ọmọ yẹn, kó o sì jáde fún mi."

Hidayat jáde. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tó bi Jeffrey, ó ní wọ́n ti mú òun búra.

Ọjọ́ tí ìwé náà máa jáde, Hidayat tètè kúrò nílé ẹ̀kọ́. Èrò ti yí tábìlì Kàmọ́rù ká. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀ ló ń pè, ó pupa, ó yẹ́lò, ojú pọ̀ lára wọn. Ẹyọ funfun kan dúró sáàárín wọn jẹ́jẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo ọwọ́ ń lọ.

"Ta ni ẹni náà gan-an?" ni ọkùnrin kan ń bi Kàmọ́rù.

"Ra á, kó o kà á," ni Kàmọ́rù dá a lóhùn, ó sì ń gba owó ọwọ́ ẹlòmíì.

Hidayat fi èjìká la ọ̀nà. Ó mú ọ̀kan. Ó ka ọ̀rọ̀ ńlá tó ti mọ̀, ó wá wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sí àyè òfìfo náà, ó sì mọ ohùn tó wà níbẹ̀ bí ẹni mọ ohùn tó jí i láàárọ̀ láti kékeré:

Ìyá ọmọ ní kí ẹni tó fẹ́ ẹ mú bàbá àti ìyá ẹ̀ dání, kó wá sílé wá tọrọ ọmọ òun. Kó má pẹ́.

Ó gbé ìwé náà mọ́ àyà. Nígbà tó gbójú sókè, Jeffrey wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó máa ń fara tì.

"Wọ́n ní tí mo bá sọ fún ẹ, àwọn máa yí ọ̀rọ̀ padà," ó ní.

"O ò tíì mú Mummy ẹ dání," ni Hidayat wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Mo ti fi ọ̀kan sórí tábìlì pálọ̀ láàárọ̀ yìí. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn gbé e síbẹ̀, mo dojú ẹ̀ sókè."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà Alhaja Súmbọ̀ ní Kẹ́tú. Daddy Jeffrey sọ̀ kalẹ̀, Jeffrey sọ̀ kalẹ̀. Mummy Edith ló kẹ́yìn, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú kọ́fà funfun náà dání. Hidayat kúnlẹ̀. Alhaja Súmbọ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó kó apá méjèèjì sẹ́yìn.

Mummy Edith na kọ́fà náà síwájú. "Alhaja, ẹ kú ilé. Ẹ ní ká má pẹ́, la ṣe tètè dé."

Alhaja Súmbọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé. Ṣé ẹ ò ní bínú tí ilé wa ò bá tó tiyín?"

"Ilé ìyá mi ní Ìkòsí ò tó báyìí," ni Mummy Edith dáhùn. "Sẹ̀kínát ni wọ́n ń jẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti dárúkọ wọn kẹ́yìn." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Hidayat dìde. "Ọmọ mi, mo dojú fọ́tò ẹ dé. Má bínú sí mi."

"Mi ò bínú, Mà," ni Hidayat wí. "Ibẹ̀ náà lèmi àti Jeffrey ti bẹ̀rẹ̀."

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ wá rọrùn o. Ààfáà bínú bí Alhaja Súmbọ̀ ṣe sọ, akọrin méjì ò sì kí Mummy Edith fún oṣù kan gbáko. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ògùdù ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ilé àdúrà ẹnì kan ló borí. Alhaja Rasheedat wá. Ó ní òun ò tíì dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n òun náà ló gbé àlùbọ́sà wá, ó sì jẹun ju gbogbo wa lọ. Alhaja Súmbọ̀ ní òun ò lè máa pe àna òun ní Jeffrey, ó bi í bóyá kò ní orúkọ mìíràn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Dàmọ́lá, torí Olúwadàmọ́lá ni orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìkómọ.

Ọ̀gá Felix bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n fún òun ní fọ́tò ìgbéyàwó náà fún kọ́fà. Ó ní á tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Hidayat ní rárá. Jeffrey wo ọ̀gá rẹ̀, ó ní òun náà ní rárá.

Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, tọkọtaya náà ń kọjá lábẹ́ afárá ní Kẹ́tú. Kàmọ́rù rí wọn, ó pa ariwo ọjà rẹ̀ tì.

"Ìyàwó," ó ní, "ti ayédèrú la rí lọ́jọ́ yẹn. Ti òótọ́ dà, tí a ò rí i lórí tábìlì?"

Hidayat di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Ti òótọ́ wà nílé, Bùọ̀dá Kàmọ́rù," ó ní. "Òun ni ọkọ mi ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀."